Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Ilẹ̀ Olóró

Àwọn tó mọ Múríkátù ní ṣọ́ọ̀bù irun Àǹtí Qúdrát ní Tempelhof, àdúgbò kan ní Berlin, á sọ fún yín pé ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó lè di irun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má ju "ẹ gbórí sọ́tùn-ún díẹ̀" lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ eléré kan l'Ábẹ́òkúta ló ti kọ́ ijó kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Berlin, kò sì jẹ́ kí òtútù gba ijó náà lọ́wọ́ òun. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níjó ní gbọ̀ngàn kan ní Lichtenberg, nítòsí ilé gogoro tí wọ́n ń gbé. Yorùbá ló fi ń pè wọ́n, Jámánì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ara wọn yé.

Ọkọ rẹ̀, Ṣọ̀fíúlláhí, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ìyàwó òun máa jó níwájú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá yọ ijó kúrò lára Múríkátù, obìnrin tó máa ṣẹ́ kù kì í ṣe ẹni tí òun gbé níyàwó. Ó bá fi í sílẹ̀ kó máa jó.

Ní gbọ̀ngàn Lichtenberg yìí ni Maximilian ti rí i. Ayafọ́tò ni Maximilian, ọkùnrin gíga, olóhùn pẹ̀lẹ́, ẹni tó máa ń tẹ̀ ba díẹ̀ bí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bíi pé gíga òun ń ti òun lójú. Ó ya àwọn ọmọ náà ní fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí Múríkátù ní àdéhùn ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú ní Moabit, tí Jámánì rẹ̀ kò tíì já geere, Maximilian ló tẹ̀ lé e lọ, tó jókòó tì í, tó ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá ṣe irú èyí fúnni ní ìlú onílùú, a kì í tètè fura sí i. Nítorí náà, nígbà tó wá sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n jọ lọ sí Chernobyl, Múríkátù kò sọ pé rárá.

Ẹ ti gbọ́ nípa Chernobyl. Ní Ukraine ni, níbi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì ti gbiná lọ́dún 1986, tí májèlé tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, bo oko, bo odò, bo òrùlé ilé. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n á padà. Wọn kò padà. Maximilian fẹ́ ya ijó ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, kí ara alààyè kan lè dúró láàárín ibi tí gbogbo ará rẹ̀ ti lọ. Ó ní òun kò fẹ́ oníjó tó máa ṣe àṣehàn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ilé sílẹ̀ ni òun ń wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Múríkátù lọ́kàn. Ó fi oṣù bíi méjì ronú ijó náà fúnra rẹ̀, ní yàrá ìdáná, láàárín àdògán àti tábìlì: ẹsẹ̀ ẹni tó ń jáde tó tún ń wẹ̀yìn, ọwọ́ ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó sì tún padà wò ó bóyá ó tì í dáadáa. Ṣọ̀fíúlláhí ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ta lo ń kí báyìí?"

Ó ní, "N kò tíì mọ orúkọ wọn."

Ọdún tó ṣáájú àrùn kòrónà ni wọ́n lọ. Àwọn mẹ́ta ni: Maximilian, Múríkátù, àti Anna, ọmọbìnrin Jámánì kan tó ń bá Maximilian gbé iná àti ẹrù. Afinimọ̀nà kan, ọmọ ìlú náà, wà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ló jókòó sí tó ń mu sìgá. Abúlé tí wọ́n gbé wọn dé ti di igbó. Igi ti hù nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ó sì yọ orí lójú fèrèsé. Níwájú ilé ẹ̀kọ́ náà, ewé tútù rírọ̀ kan bo ilẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀ ni, ó ń dán.

Maximilian ní, "Ibí yìí ni. Bọ́ bàtà rẹ, Muri. Bàtà ń ba fọ́tò jẹ́."

Múríkátù wo ilẹ̀. "Kò séwu níbẹ̀?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan."

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán olóró náà wà lọ́wọ́ Anna. Bí Múríkátù ṣe ń bọ́ bàtà ló gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń ké ṣáṣáṣá, láìdáwọ́ dúró. Ó bèèrè pé kí ló ń ké. Maximilian rẹ́rìn-ín, ó ní bátìrì ló fẹ́ kú. Nígbà tó yá, igbe náà dákẹ́. Múríkátù tẹ ẹsẹ̀ lásán lé ilẹ̀ tútù yẹn, ó sì jó títí oòrùn fi yẹ̀ sẹ́yìn igi. Ó jókòó níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, nítorí pé ijó náà béèrè fún un. Nígbà tó parí, Anna bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, kò sì wo ojú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Múríkátù dé Berlin ló mọ̀ pé oyún ti wà lára òun kí òun tó lọ. Ẹ ò ní mọ ohun tí ìròyìn yẹn jẹ́ fún òun àti Ṣọ̀fíúlláhí àfi bí ẹ̀yin náà bá ti ṣe ìyàwó pẹ́ láìgbọ́ ẹkún ọmọ nínú ilé. Ṣọ̀fíúlláhí, tí kì í kọrin, ń kọrin nídìí ọkọ̀. Ọlẹ̀ ti ń sọ. Ó máa ń sọ bí Múríkátù bá jókòó láti di irun, Àǹtí Qúdrát á sì fọwọ́ lé e, á ní, "Èyí máa jó bí ìyá rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ọlẹ̀ kò sọ mọ́. Ọmọ obìnrin ni, kò mí. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín.

Múríkátù sọ ibi tó ti lọ fún dókítà. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò purọ́, ní, "Kò sí ẹni tó lè sọ pé ibẹ̀ ló fà á. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ibẹ̀." Múríkátù gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Ó ronú pé ẹni tó mú òun lọ ti wọn ilẹ̀ kó tó ní kí òun tẹ̀ ẹ́, nítorí náà, àyànmọ́ ni. Ó gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọmọ mìíràn kò wá.

Kòrónà dé, ó lọ. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine, àwọn àlejò kò lè wọ abúlé náà mọ́, àwòrán Maximilian bá di ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ rí. Wọ́n fún un ní ilé ńlá kan ní Hamburg láti fi gbogbo wọn hàn. Ó pe Múríkátù pé kó wá jó lọ́jọ́ ìṣíde. Múríkátù gbà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sígbà náà ni Anna wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Qúdrát. Ó ti fi iṣẹ́ Maximilian sílẹ̀ tipẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Múríkátù fi pè é wọlé, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí dígí tó wà níwájú rẹ̀.

"Bátìrì yẹn kò kú," ó ní. "Nígbà tí a dé iwájú ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ náà ké ju gbogbo ibi tí a ti dé lọ. Mo fi hàn án, ó gbà á, ó wọ̀n ọ́n láti etí títì, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní kí n pa ohùn rẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò lórí títì ọlọ́dà. Ó ní kí n má gbé báàgì sílẹ̀. Nígbà tí a padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó ju bàtà rẹ̀ nù."

Múríkátù ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́. Kò dá ọwọ́ dúró. "Kí ló dé tí o kò sọ nígbà náà?"

"Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi ni."

"Ó dáa."

Ó di irun náà tán, ó fi òróró sí i, ó gbọn aṣọ ọrùn oníbàárà náà. Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ki ojú bọ aṣọ ìnura, kò sì jáde fún ìgbà pípẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ìbínú wá bá a gbé. Ó ń bá a jí, ó ń bá a wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí ó bá kírun tán, tó tẹ́wọ́, orúkọ Maximilian ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Kì í ṣe ikú ọmọ ló ń dùn ún jù báyìí, nítorí pé dókítà ti sọ pé kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún: ẹ̀rín pẹ̀lẹ́ tí ọkùnrin náà rín nígbà tó sọ pé bátìrì ló fẹ́ kú.

Àǹtí Qúdrát ní kó gba agbẹjọ́rò. Múríkátù ní, "Agbẹjọ́rò á pe dókítà, dókítà á ní kò sí ẹni tó lè sọ. Maximilian náà á ní òun kò wọn nǹkan kan, ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Àǹtí mi, mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Àǹtí Qúdrát wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ní, "Ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n." Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Múríkátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ṣọ̀fíúlláhí ní tirẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun."

Ó ní, "Mo ti fi ọmọ sílẹ̀ fún Un. Èyí tó kù yìí, ẹ jẹ́ kí n bá A ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀."

Lẹ́yìn ilé gogoro wọn, níbi tí oòrùn kì í dé, ewé tútù rírọ̀ kan máa ń hù mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, ó jọ ti abúlé yẹn bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Múríkátù mú ṣọ́bìrì kékeré, ó bu ú tòun ti iyẹ̀pẹ̀, ó kó o sínú àpò ike nípọn kan, ó dì í pa. Ṣọ̀fíúlláhí bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní ijó ni. Ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan nítòsí èbúté ni wọ́n ti ṣe àfihàn náà. Ènìyàn pọ̀: àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn tó ń ra àwòrán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lára ògiri ni Múríkátù ti rí ara rẹ̀, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, ẹsẹ̀ lásán, ojú dídì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ó wò ó títí. Ó rántí pé lọ́jọ́ náà, àwọn méjì ni wọ́n wà nínú fọ́tò yìí.

Obìnrin arúgbó kékeré kan wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Halyna ni wọ́n ń pè é. Abúlé yẹn gan-an ni wọ́n ti bí i, Hamburg ló sì sá wá sí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ogun dé. Maximilian ló pè é kí àwọn oníwèé ìròyìn lè rí i. Halyna fi ìwọ̀nba Jámánì tó gbọ́ sọ pé, "Ìwọ lo jó níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa." Múríkátù kí i, ó sì gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ wà lára Maximilian.

Maximilian sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn. Ó ní kí wọ́n kí Múríkátù káàbọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Múríkátù gbé àpò rẹ̀ bọ́ sí àárín, ó tú u, ó sì da iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tútù náà sílẹ̀ níwájú Maximilian, tó fi ta sí i ní bàtà.

Ó fi Jámánì tó já geere sọ pé, "Iwájú ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti bu èyí nígbà yẹn. Mo fi pamọ́. Bọ́ bàtà rẹ, Maximilian. Bàtà ń ba fọ́tò jẹ́. Jẹ́ ká jọ jó."

Maximilian fò sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ń gbọn bàtà rẹ̀ bí ẹni tí èèrùn wọ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ṣé orí rẹ pé?" ó ní. "Ẹ sún sẹ́yìn, gbogbo yín. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé? O sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ibẹ̀ ló burú jù lọ ní gbogbo abúlé náà. Mo wọ̀n ọ́n."

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, fúnra mi..."

Ó gbọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ilé náà gbọ́ ọ. Fóònù bíi ogún ló wà lókè tó ń gba ohùn àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Múríkátù bọ́ bàtà tirẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ lé iyẹ̀pẹ̀ náà, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn.

"Oyún wà lára mi lọ́jọ́ tó ní kí n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ohun tí òun kò lè fi bàtà tẹ̀," ó ní.

Àwọn kan ti ń sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àga ṣubú. Ọkàn Múríkátù tutù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Anna wá, ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ọkùnrin yẹn tó ń wá ibi tó máa fi ojú sí. Ó dùn mọ́ ọn. Kò sí ìdí láti parọ́ rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn dé egungun.

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bọ̀ síwájú nígbà tí àwọn yòókù ń sá. Halyna ni. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó bu iyẹ̀pẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbé e sí imú, ó sì bú sẹ́kún. Ó ń pe àwọn orúkọ kan ní èdè rẹ̀. Ó tú ìborí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di iyẹ̀pẹ̀ náà sínú rẹ̀.

Adùn náà kúrò lẹ́nu Múríkátù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ó ní, "Mama, ẹ dákun. Mo purọ́. Kì í ṣe ti abúlé yín. Berlin ni mo ti bù ú, lẹ́yìn ilé mi, ní Lichtenberg."

Halyna gbójú sókè. "Lichtenberg?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

Arúgbó náà tú ìborí rẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ náà padà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára yẹ̀rì. "Mo gbọ́ òórùn ilé wa nínú rẹ̀," ó ní. Kò gbà kí Múríkátù fà á dìde.

Àwọn panápaná dé pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, wọ́n wọn ilẹ̀ náà, iyẹ̀pẹ̀ lásán ni. Àwọn ọlọ́pàá kọ orúkọ Múríkátù sílẹ̀ pé ó dẹ́rù ba ará ìlú. Nígbà tó yá, adájọ́ ní kó lọ máa tún ọgbà ìlú ṣe fún ìgbà díẹ̀, ó sì ṣe é láìfajúro. Ní ti Maximilian, àfihàn náà kò rí ọjọ́ kejì. Ohùn rẹ̀, "èmi ni mo wọ̀n ọ́n, fúnra mi," ń lọ láti fóònù dé fóònù, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un sì jìnnà sí i. Àǹtí Qúdrát ń fi ohùn náà ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù títí Múríkátù fi bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì tó fún Múríkátù. Àwòrán ara rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ó gba agbẹjọ́rò wàyí, agbẹjọ́rò náà sì sọ fún Maximilian pé bí kò bá fẹ́ ẹjọ́ tó jù báyìí lọ, kó run gbogbo àwòrán náà, tòun ti fíìmù tó fi yà wọ́n. Maximilian gbà.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Múríkátù lọ sí Hamburg lọ bẹ Halyna. Arúgbó náà ṣílẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n kò ní kó jókòó. Múríkátù kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ nílé, Halyna kò sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó wò ó láti òkè.

"Ó ṣẹ̀ ọ́," Halyna ní. "Mo ti bímọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní o fẹ́ kó run gbogbo fọ́tò náà. Nínú ọ̀kan, lẹ́yìn apá òsì rẹ, ilé kan wà tó ní òrùlé pupa. Ilé bàbá mi ni. Nígbà tí wọ́n kó wa sínú bọ́ọ̀sì, a kò mú fọ́tò kankan. Bí o bá pa tìẹ run, o pa tèmi mọ́ ọn."

Múríkátù dìde, ó dágbére fún un. Bó ṣe jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń padà lọ sí Berlin, inú ń bí i sí Halyna pàápàá. Kí ló dé tí ẹ̀san òun fi gbọ́dọ̀ ní ihò? Ó bá ara rẹ̀ jà títí dé ilé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó lọ sí ilé iṣẹ́ Maximilian ní Berlin pẹ̀lú agbẹjọ́rò rẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbẹ. Ó ti kó gbogbo fíìmù náà sórí tábìlì, ó ní òun máa kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń rún ìwé, kò ní pẹ́.

Múríkátù ní rárá. Ó mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé irun jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan," ó ní. "Gbé e sí ojú iná, kí o wò ó dáadáa, kí o tó gé e."

Maximilian bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbé fíìmù sí ojú iná, ó ń wò ó, ó ń gé e. Múríkátù jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan èyí tó ní òrùlé pupa, Múríkátù na ọwọ́, ó gbà á. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Òun náà wà níbẹ̀, ó kéré bí èékánná, apá rẹ̀ nà sí ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni tó máa ṣí i. Ó fi í sínú àpò rẹ̀ fún Halyna, pẹ̀lú òmíràn tó tẹ̀ lé e, tí ilé náà hàn nínú rẹ̀ dáadáa.

Maximilian wò ó. Omi wà lójú rẹ̀. "Muri," ó ní, "n kò mọ̀ pé o lóyún. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ̀."

"Èmi náà kò mọ̀," Múríkátù ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ti ilẹ̀."

Maximilian gé òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, "Ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀ báyìí?"

"Kò tíì balẹ̀. Gé èyí tó kù."

Ó gé gbogbo rẹ̀ tán. Múríkátù gbá àgékù fíìmù náà jọ sínú àpò ike, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un. Ó gba àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó nù ún, ó sì jáde lọ bá Ṣọ̀fíúlláhí tó ń dúró dè é nínú ọkọ̀ akẹ́rù ní ìsàlẹ̀. Ṣọ̀fíúlláhí na ọwọ́ gba àpò náà, ó gbé e sẹ́yìn àga, ó ní, "Hamburg ni àbí ilé?"

Ó ní, "Hamburg. Mama yẹn ń dúró dè mí."